Ìdí tí zobo yín fi ń tètè kan, àti bí mo ṣe ń se tèmi

Aunty tó béèrè nípa zobo, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ìnáwó màmá ti Sátidé o. Ẹ ní ẹ se zobo láàárọ̀, ẹ da omi ọ̀pẹ̀yìnbó tẹ́ ẹ fi bílẹ́ńdà lọ̀ sí i nígbà tó tutù tán, kó tó di alẹ́ ó ti ń yọ ìfófó lórí, ó ń rùn bí ọtí, ẹ wá gbà pé zobo tí wọ́n tà fún yín ni ò dáa. Ẹ tún fẹ́ mọ bẹ́ ẹ ṣe lè dín ṣúgà ẹ̀ kù àti bóyá ẹfinrin ṣe é fi sí i. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń se é tà n'Ìbàdàn níbí, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọjà mi máa ń yá jù, láti Fẹ́búárì títí òjò á fi dúró dáadáa, ìgbà tí ooru ò jẹ́ kéèyàn lè sùn nínú yàrá tí gbogbo ayé ń wá nǹkan tútù tí kì í ṣe mínírà. Ẹni tó tà á fún yín ò jẹ̀bi rárá.

Ọ̀pẹ̀yìnbó tútù yẹn ló ń mú un kan. Ìwúkàrà tí ojú ò lè rí ń gbé lára awọ ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti ń gé e ó ti bá ọ̀bẹ wọnú ẹ̀ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá wá lọ̀ ọ́ sínú nǹkan tó ní ṣúgà, tẹ́ ẹ gbé e kalẹ̀ nínú irú ooru wa yìí, á máa jẹ ṣúgà yẹn, á máa yọ gáàsì, á sì máa sọ ọ́ di ọtí díẹ̀díẹ̀. Lóòótọ́ zobo fúnra ẹ̀ kíkan ni, ọ̀pọ̀ kòkòrò ò lè gbé inú ẹ̀, àmọ́ ìwúkàrà ò ka kíkan sí nǹkan kan. Ní Mẹ́síkò ńṣe ni wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, wọ́n á rẹ awọ ọ̀pẹ̀yìnbó sómi pẹ̀lú ṣúgà, wọ́n á bò ó fún bí ọjọ́ 2 sí 3, tepache ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń gbádùn ẹ̀. Ìyẹn dáa fún wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ gbé e fún ọmọ ọlọ́mọ àti àwọn alhájì lóde ìnáwó ò lè dán irú ẹ̀ wò o.

Nítorí náà lọ́dọ̀ tèmi, gbogbo ohun tó bá ti jẹ́ èso ló ń kọjá lórí iná. Awọ ọ̀pẹ̀yìnbó táwọn èèyàn ń dà nù ni mo ń lò, adùn àti òórùn tó wà nínú ẹ̀ pọ̀ ju béèyàn ṣe rò lọ. Ẹ fi iyọ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó bó o, torí iyẹ̀pẹ̀ máa ń há sáàárín ojú ẹ̀ yẹn. Tẹ́ ẹ bá rí èyí tó ń wá láti orílẹ̀-èdè Benin, tí wọ́n ń gbìn lágbègbè Allada, tí awọ ẹ̀ ṣì máa ń tutù bí ewé bó tilẹ̀ ti pọ́n, ẹ má wo àwọ̀ ẹ̀, ẹ gbóòórùn ìdí ẹ̀, ó dùn kọjá sísọ. Ẹ jẹ ẹran inú ẹ̀ jàre. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kó wọnú zobo dandan, ẹ lọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ dà á sínú ìkòkò kó bá a hó pọ̀.

Fún omi lítà 3, ìyẹn piọ wọ́tà 6, ife tíì 2 tó kún ni mo ń wọn zobo gbígbẹ, awọ ọ̀pẹ̀yìnbó ńlá 1, atalẹ̀ tó tó àtàǹpàkò 2, kànáfùrù bíi 6 tàbí 7. Ẹ má jẹ́ kí kànáfùrù pọ̀ o, ẹni tó bá da ẹ̀kúnwọ́ sí i, ahọ́n àwọn àlejò á kú sí wọn lẹ́nu bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ yọ eyín. Atalẹ̀ ní tiẹ̀, látìgbà tí àrùn ti kọlu oko ẹ̀ ní gúúsù Kàdúná lọ́dún 2023, tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ibẹ̀ pàdánù ohun tí wọ́n gbìn, àwa tá à ń rà á lọ́jà mọ̀ ọ́n lára. Mi ò kí ń ha awọ ẹ̀ mọ́, mo kàn ń fọ̀ ọ́ dáadáa, kí n gé e pẹlẹbẹ, kí n fi ọmọ odó tẹ̀ ẹ́. Èyí tí wọ́n bá lọ̀ kúná máa ń fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun sílẹ̀ nísàlẹ̀ ìgò, àwọn oníbàárà á ní nǹkan ti bàjẹ́.

Zobo tó dáa, pupa rẹ̀ á dúdú, òdòdó ẹ̀ á ṣì wà lódindi, á máa fọ́ tẹ́ ẹ bá fún un lọ́wọ́. Èyí tó ti di ẹtù tí àwọ̀ ẹ̀ ti dà bíi ti ilẹ̀, ó ti pẹ́ nínú àpò. Àríwá ló ti ń wá, iyanrìn ò sì lè ṣàì sí nínú ẹ̀, ẹ yára fi omi tútù ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ gbé e kúrò. Mo máa ń rí àwọn tó ń da omi gbígbóná lé e lórí, tí wọ́n á dà á nù pé àwọn ń fọ ìdọ̀tí, ọjà gan-an ni wọ́n ń dà sí gọ́tà yẹn. Ẹ má se é nínú ìkòkò àlùmíníọ̀mù, kíkan ẹ̀ máa ń jẹ ara ìkòkò, ẹ̀ẹ́ sì máa tọ́ irin wò lẹ́nu. Sìtẹ́ńlẹ́ẹ̀sì ni kẹ́ ẹ wá, tàbí tánńganran tí ara ẹ̀ ò tíì ṣí. Tó bá ti ń hó, bíi ìṣẹ́jú 20 ti tó, kẹ́ ẹ dé e, ẹ pa iná. Àwọn kan ń fi káún dín kíkan ẹ̀ kù, ẹ wo àwọ̀ ẹ̀ nígbà náà, pupa yẹn á ṣókùnkùn di àwọ̀ aró, kò ní wu ẹnikẹ́ni mu mọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò fura sí rárá ni aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ ẹ. Aṣọ ògì ni ọ̀pọ̀ ilé ń lò. Ohun tó ń mú ògì kan ń gbé inú òwú aṣọ yẹn, bẹ́ ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí, kò ní tán níbẹ̀. Ẹ ti se nǹkan yín tó hó tó mọ́, ẹ wá fi aṣọ ògì sẹ́ ẹ, ibi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ lẹ tún padà sí yẹn. Ẹ ra aṣọ funfun tuntun kan, kó jẹ́ ti zobo nìkan, kẹ́ ẹ máa sè é nínú omi híhó kẹ́ ẹ tó lò ó nígbàkúùgbà. Kò ní funfun mọ́ láyé, ẹ má dààmú. Ẹ̀ẹ́n, kí n tó gbàgbé, ẹ sọ fáwọn tó máa gbé e káàkiri lọ́jọ́ yẹn kí wọ́n rọra nítòsí ẹni tó bá wọ léèsì funfun, mo ti bá wọn parí irú ìjà yẹn rí, kò dùn.

Ìgò náà, tuntun ni kẹ́ ẹ rà. Rọ́bà àlòkù táwọn tó ń ṣa rọ́bà ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, ta ló mọ ohun tí wọ́n rọ sí i kẹ́yìn, ó lè jẹ́ kẹrosíìnì, ó lè jẹ́ àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Ẹ má sì rọ zobo gbígbóná sí i, rọ́bà yẹn á súnkì. Kó lè tètè tutù, ẹ gbé ìkòkò tòun tìdérí sínú bàsíà ńlá tí omi tútù wà nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ omi bàsíà tó bá ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Fífi í sílẹ̀ lórí sítóòfù di ọjọ́ kejì pé kó fúnra ẹ̀ tutù, ìyẹn náà wà lára ohun tó ń bà á jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká dé ọ̀rọ̀ ṣúgà. Nǹkan kan tí kò náni lówó ni iyọ̀, ìwọ̀n tí ìka méjì lè mú, ẹ fi sí i kẹ́ ẹ tó fi ṣúgà kankan sí i, á pa kíkan yẹn débi pé ṣúgà tẹ́ ẹ máa nílò á dínkù. Lẹ́yìn ìyẹn dàbínù, ife kan tẹ́ ẹ ti yọ kóró inú ẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sómi gbígbóná, ẹ lọ̀ ọ́, kóun náà bá wọn hó nínú ìkòkò torí èso lòun náà. Ó máa ń mú kí zobo ṣú díẹ̀, àwọn tó fẹ́ kó mọ́ gaara ò fẹ́ràn ẹ̀, èmi ò rí nǹkan tó burú níbẹ̀. Ṣúgà oníhóró wínníwínní inú ọ̀rá kékeré, tí díẹ̀ ẹ̀ ń dùn ju kíúbù ṣúgà mélòó kan lọ, ẹ má wulẹ̀ mú un wá sínú ọ̀rọ̀ yìí, ó máa ń fi ìkorò sílẹ̀ lẹ́yìn ahọ́n, ẹni tó bá mọ zobo á mọ̀ pé òun lẹ fi sí i. Kẹ́ ẹ sì máa tọ́ ọ wò nígbà tó bá tutù pẹ̀lú yìnyín nínú ife, ohun tó bá gbóná máa ń dùn lẹ́nu ju bó ṣe máa rí lọ tó bá tutù, yìnyín tún máa là á, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣirò.

Ẹfinrin ṣe é fi sí i, ó tiẹ̀ dáa, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó hó. Ẹfinrin tó bá hó nínú ìkòkò, àwọn àlejò yín á máa wá ẹran ewúrẹ́ nínú ife, wọ́n á rò pé pẹ́pẹ́sùpù ni. Ewé bíi 5 tàbí 6 ti tó, ẹ fi ọwọ́ fún un díẹ̀, ẹ jù ú sí i lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti pa iná, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 5, ẹ yọ ọ́. Ewé mínti náà bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi ni, ewé tíì ni màá lò, kóríko ọba yẹn, ó ń fara da iná, mo máa ń so ó ní kókó kí n gún ìdí ẹ̀ díẹ̀, kó wọlé ní ìṣẹ́jú 10 ìkẹyìn. Lẹ́yìnkùlé lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń já a, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ rántí pé zobo máa ń mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, àwọn àgbà tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kí wọ́n bi dókítà wọn kí wọ́n tó máa mu ún lójoojúmọ́, aláboyún náà kó fi í sílẹ̀. Ẹ se ìkòkò kékeré míì fún wọn tí ò ní zobo nínú, awọ ọ̀pẹ̀yìnbó, atalẹ̀ àti ewé tíì, ó ń tura gan-an, àwọn míì tiẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀ ju zobo lọ. Ọsàn wẹ́wẹ́ ló yẹ ẹ́. Mo mọ̀ pé mo ní gbogbo èso ló ń kọjá lórí iná, òun nìkan ni mo yọ sílẹ̀, tó bá hó ó máa ń korò, torí náà inú ife ni mo ń fún un sí, lójú ẹni tó fẹ́ mu ún.

Fún Sátidé yín, alẹ́ Tọ́sìdé ni kẹ́ ẹ se zobo yẹn. Gbogbo èròjà yẹn kan náà, ṣùgbọ́n omi lítà 1 àbọ̀ dípò 3, kó lè ki. Ẹ rọ ọ́ sínú ìgò kó má kún dẹ́nu, torí yìnyín máa ń wú, ẹ gbé e sí fírísà. Láàárọ̀ Sátidé ẹ mú u jáde, ẹ fi piọ wọ́tà tútù là á, èyí tí ò tíì yọ́ tán nínú ẹ̀ ni yìnyín yín nìyẹn, ẹ ò ní máa wá áísì bulọ́ọ̀kù tí wọ́n fi omi kànga ẹni tẹ́ ò mọ̀ ṣe kiri. Èyí tí wọ́n bá ti ṣí, kí wọ́n mu ún tán lọ́jọ́ náà. Tí iná àdúgbò yín ò bá dúró, ẹ bẹ àwọn tó ń ta ẹja tútù kí wọ́n bá yín gbà á sínú fírísà wọn, àmọ́ ọ̀rá méjì ni kẹ́ ẹ fi wé ìgò kọ̀ọ̀kan, torí òórùn ẹja Titus.