Ilé bàbá wa ti wà ní títì látọjọ́ yìí: kí la máa kọ́kọ́ ṣe kí ẹbí tó kóra jọ fún Kérésì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èkó ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n ilé bàbá wa wà ní Òkè-Àró, ní Àkúrẹ́. Láti ìgbà tí ìyá wa ti wá ń gbé lọ́dọ̀ mi ni ilé náà ti wà ní títì. Lọ́dún yìí, gbogbo ọmọ àti ọmọ-ọmọ fẹ́ pàdé níbẹ̀ láti Kérésì títí di ọdún tuntun, a ó sì tó 30. Ọ̀rọ̀ ta ni yóò ra ìrẹsì, ta ni yóò ra ẹran, ni àwọn àbúrò mi ń sọ. Ní tèmi, ilé yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù, torí ẹni tó bá wa yẹ̀ ẹ́ wò ní eku ti gba ilé ìdáná. Lọ́dún tó kọjá tá a ṣe é l'Ékòó, ìrẹsì àná ló da inú àwọn ọmọdé rú. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra ọdún o, màmá. Ibi tó yẹ kẹ́rù ti bà yín gan-an ló ti bà yín. Iṣẹ́ wolé-wolé ni mò ń ṣe ní Àkúrẹ́ níbí, bí oṣù Kejìlá bá sì ti wọlé, irú ilé yìí ló máa ń jẹ mí lọ́kàn ju búkà èyíkéyìí lọ. Ilé tí èèyàn ń gbé, wọ́n ń gbá a, wọ́n ń dáná níbẹ̀, wọ́n sì ń lé eku. Ilé tó wà ní títì, eku ló ni ín.

A ò sì lè sọ̀rọ̀ eku ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ká má dárúkọ ibà Lassa. Ìlú Lassa ní Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá àrùn náà mọ̀ lọ́dún 1969, ṣùgbọ́n Oǹdó, Ẹdó àti Bauchi wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó ń rí i jù lọ báyìí. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń le, láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá títí dé oṣù Kẹrin. Igbó ti gbẹ, wọ́n ti finá sí i, eku ò rí nǹkan jẹ lóko mọ́, ló bá kọrí sílé. Àsìkò tí àwọn ọmọ ilé ń kó bọ̀ láti Èkó àti Àbújá ni eku náà ń kó bọ̀ láti oko.

Inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ni àrùn náà wà. Ó lè wà lára gààrí tí a ò dé, lára àwo àti ṣíbí, ó sì lè wà nínú eruku tí ẹni tó ń gbálẹ̀ ń fà símú. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ́kàn jù, nítorí ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe bá a bá ṣí ilé ni pé ká fa ìgbálẹ̀ yọ ká sì gbá a títí eruku yóò fi sọ lálá. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ rán ẹni méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan kí Kérésì tó kò. Kí wọ́n ṣí gbogbo fèrèsé àti ilẹ̀kùn, kí wọ́n sì jáde síta fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí afẹ́fẹ́ fi wọlé. Kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ onírọ́bà, kí wọ́n sì bo imú. Ife Jik kan, ife omi mẹ́sàn-án, ni kí wọ́n pò pọ̀, kí wọ́n rọra dà á sórí ìgbẹ́ eku títí yóò fi rin gbingbin. Bó bá ti tó ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, kí wọ́n fi àkísà nù ún, kí wọ́n di àkísà náà sínú ọ̀rá, kí wọ́n sì so ó pa kí wọ́n tó jù ú nù. Lẹ́yìn ìyẹn ni omi ọṣẹ tó kàn. Wọn ò gbọ́dọ̀ po Jik pọ̀ mọ́ oògùn tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ o. Èéfín tó máa jáde níbẹ̀ lè bẹ́gi dínà èémí mọ́ wọn. Gbogbo àwo, ìkòkò àti odó tó wà nílé ìdáná, fífọ̀ ni, ì báà jẹ́ pé ìyá yín ti fọ̀ wọ́n kó tó kúrò.

Ihò tí kálámù bá ti lè wọ̀, eku kékeré lè gbà á wọlé. Ẹ fi kànrìnkàn onírin dí i, kẹ́ ẹ sì fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Tàkúté àti gọ́ọ̀mù eku ni mo fara mọ́. Mi ò fẹ́ ọ̀tapiapia nínú ilé tí ọmọdé mẹ́wàá fẹ́ máa sáré kiri, yàtọ̀ sí pé eku tó bá jẹ ẹ́ lè lọ kú sínú àjà, kó wá di pé òórùn rẹ̀ lẹ máa fi ṣe àìsùn ọdún.

Ẹ má kó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì jọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọjà Ọba ò jìnnà sí yín, ẹ máa rà á díẹ̀díẹ̀. Ìrẹsì, gààrí àti ẹ̀wà, inú ike tí ìdérí rẹ̀ dé pinpin ni, torí eku kì í pẹ́ lu àpò. Gààrí tí eku bá ti dé inú rẹ̀, dídànù ni, ẹ má jọ̀ ọ́. Láfún tẹ́ ẹ bá sì rí lójú ọ̀nà tí wọ́n sá ẹ̀gẹ́ rẹ̀ sẹ́bàá títì, ẹ gba iwájú rẹ̀ kọjá.

Ní ti ìrẹsì àná, àwọn ìyá wa gbà pé bí a bá ti gbé e kaná lẹ́ẹ̀kejì, ó parí. Kò parí. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní Bacillus cereus. Irúgbìn rẹ̀ wà nínú ìrẹsì tútù, kì í sì í kú bí a bá sè é. Bí ìrẹsì bá ti wà ní lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fún wákàtí bíi mélòó kan, irúgbìn náà á jí, á sì da májèlé sínú rẹ̀. A lè tún un gbé kaná títí yóò fi hó, májèlé yẹn ò ní kúrò. Ìkòkò ńlá kan tí a sè láàárọ̀, tí gbogbo ilé ń ṣí, tí wọ́n ń bù títí di alẹ́, ni ibi tó fẹ́ràn jù. Nítorí náà, ẹ sè é ní ìkòkò kékeré lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, kó má ju wákàtí méjì lọ: ẹ tẹ́ ẹ sínú àwo pẹrẹsẹ, kẹ́ ẹ gbé e sínú fíríìjì. Bí kò bá síná, ẹ bù ú ránṣẹ́ sí àwọn ará àdúgbò nígbà tó ṣì ń gbóná. Ọdún la sì ń ṣe, àwo tó ń ti ilé kan lọ sí òmíràn kò ṣàjèjì sí Òkè-Àró.

Ẹ ra ORS díẹ̀ sílẹ̀ nítorí àwọn ọmọdé, ìyẹn ìyẹ̀fun oníyọ̀ tí a ń po mọ́ omi fún ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Lítà omi kan ni wọ́n sábà máa ń po sáṣẹ́ẹ̀tì kan sí, ìyẹn pọ́ọ̀ wọ́tà méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ àádọ́ta sẹ́ńtílítà. Ẹ ṣáà ka ara rẹ̀. Ọmọ tó bá ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, tí ojú rẹ̀ jìn sínú, tàbí tí kò tọ̀ mọ́, ilé ìwòsàn ló kàn.

Omi kànga tó ti wà láìlò, ẹ sè é kẹ́ ẹ tó mu ún. Jẹnẹrétọ̀ sì gbọ́dọ̀ jìnnà sí fèrèsé. Ẹ má gbé e sí fàráńdà tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ má sì tìtorí ọyẹ́ gbé ìkòkò èédú wọ yàrá. Èéfín wọn ní gáàsì kan tí kò lóòórùn, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun.

Ohun tí àwọn èèyàn kì í rántí ni ẹ̀yìn ọdún. Ibà Lassa lè fara pamọ́ tó ọjọ́ 21 kó tó yọjú. Ẹni tó bá fi Àkúrẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ kejì oṣù Kìíní ṣì ní láti máa ṣọ́ra títí di ọjọ́ kẹtàlélógún. Nínú ẹni mẹ́wàá tó kó o, bí mẹ́jọ ni kì í mọ̀ ọ́n lára púpọ̀. Àwọn yòókù ló máa ń le fún. Á bẹ̀rẹ̀ bí ibà lásán: ara gbígbóná, orí fífọ́, ọ̀fun dídùn, àárẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní in, tó lo oògùn ibà tí kò sì lọ lẹ́yìn ọjọ́ méjì, kó lọ sí ilé ìwòsàn, kó sì sọ fún dókítà pé Àkúrẹ́ lòun ti ṣọdún, nínú ilé tí eku wà. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ nílé ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ lásán kan èébì tàbí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Dókítà l'Ékòó lè má ro Lassa sí i bẹ́ ẹ ò bá sọ, bẹ́ẹ̀ oògùn ribavirin tí wọ́n ń lò sí i máa ń ṣiṣẹ́ jù bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́fà àkọ́kọ́.