Ṣé ẹ̀bi ni à ń gbà bí a bá ní "sorry"?

Ìbéèrè: Mo máa ń mú àlejò rìn nínú Igbó Ọ̀ṣun níbí ní Òṣogbo. Obìnrin kan tó wá láti ìlú Gẹ̀ẹ́sì fẹsẹ̀ kọ gbòǹgbò igi, mo sì yára ní "Sorry, ma." Ó wò mí, ó ní kì í ṣe ẹ̀bi mi. Ṣé mo ṣi ọ̀rọ̀ náà lò ni, ẹ̀gbọ́n?

Ìdáhùn: Rárá, àbúrò. Yorùbá lo fi Gẹ̀ẹ́sì sọ. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ kọ lójú wa, "Pẹ̀lẹ́ o" ti máa jáde lẹ́nu wa kí ó tó nàró, ì báà jẹ́ ẹni tí a kò mọ̀ rí. Ìkíni ni, ẹ̀bi ò sí níbẹ̀. Kódà, ẹni tó dákẹ́ la máa ń bá wí. Gẹ̀ẹ́sì ò ní ọ̀rọ̀ kan pàtó fún irú ìkíni yìí, la bá ń fi "sorry" ṣe é. Bẹ́ẹ̀ náà làwọn ará Gánà ń ṣe.

Lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn, "sorry" lásán lẹ́yìn ìjàǹbá kékeré máa ń dún bí "ẹ má bínú, èmi ni mo fà á." Ìdí nìyẹn tí obìnrin náà fi ń dá ọ láre. Ṣùgbọ́n àwọn náà ń fi bánikẹ́dùn. Níbi tí àwa ti ń kí ọ̀fọ̀ pé "ẹ kú ìrọ́jú," àwọn á ní "I'm sorry for your loss," kò sì sẹ́ni tó máa rò pé àwọn ló pa òkú. Ọ̀rọ̀ náà ti ní ìrora nínú tipẹ́: "sārig" ni wọ́n ń pè é láyé àtijọ́, ìyẹn ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́, ó sì bá "sore" tan. Ọ̀pọ̀ ń rò pé inú "sorrow" ló ti wá, àmọ́ orísun wọn yàtọ̀. Lójú tèmi, ìlò tiwa kò jìnnà sí ìdí ọ̀rọ̀ náà rárá.

Bí wọ́n bá gbé ohùn sókè, "Sorry?", wọn ò gbọ́ ohun tó o sọ ni. "A sorry state" sì ni ipò tó ṣeni láàánú, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹ̀gàn.

Ibi tó yẹ kó o ti ṣọ́ra gan-an ni bí o bá ń dá a padà sí Yorùbá. Bí o bá tẹ àgbàlagbà lẹ́sẹ̀ lọ́jà Ọjà Ọba, má sọ pé "pẹ̀lẹ́" kó o máa lọ. Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo. Dọ̀bálẹ̀ tàbí kó o kúnlẹ̀, kó o ní "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ dákun." Ẹ̀bẹ̀ nìyẹn, pẹ̀lẹ́ ò lè ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Fún àwọn àlejò tó máa wá sọ́dún Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ, "Are you all right?" ló máa yé wọn jù. Àmọ́ kọ́kọ́ kí wọn ní "Ẹ pẹ̀lẹ́ o," kó o sì sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún wọn.