Alùpùpù ogun tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn: ẹ má tíì fi ẹsẹ̀ kan kíkì rẹ̀

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Làfíàjí, ní Erékùṣù Èkó, ni ilé bàbá àgbà wa wà. Bàbá àgbà jagun Bọ́mà, wọ́n sì fi alùpùpù kan sílẹ̀ tí wọ́n kọ BSA sí lára. Wọ́n ní láti Bọ́mà ni wọ́n ti gbé e bọ̀. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ló ti wà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi fẹ́ pe àwọn tó ń ra irin àlòkù kí wọ́n wá gbé e. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n wá fún mi di ìparí ọdún. Mẹkáníìkì àdúgbò wa ní òun á yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, òun á fi ti ọ̀kadà sí i, òun á sì fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé ti ṣọ́jà kùn ún kó lè dà bíi tuntun. Ṣé kí n gbà? Ṣé ẹ́ńjìnnì yẹn ṣì lè ṣiṣẹ́? Ṣé mo sì lè gùn ún ní ìgboro Èkó?

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, má gbà. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí n tó sọ ohun mìíràn, torí mo mọ bí ìparí ọdún ṣe máa ń yára dé. Má jẹ́ kí wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì yẹn, má jẹ́ kí wọ́n kùn ún, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹsẹ̀ kan kíkì rẹ̀ títí wàá fi ka ìdáhùn yìí tán.

Kọ́kọ́ mọ ohun tó wà níwájú rẹ. Da kẹrosíìnì díẹ̀ sí àkísà, tan tọ́ọ̀ṣì, kí o nu ara irin tí sílíńdà jókòó lé, lápá òsì, nísàlẹ̀ ibi tí sílíńdà ti pàdé rẹ̀. Má fi bíléèdì ha á, má sì fi sánpépà fá a. Díẹ̀díẹ̀ ni lẹ́tà á máa yọjú. Bí o bá rí WM20 àti nọ́ńbà lẹ́yìn rẹ̀, M20, oríṣi alùpùpù BSA kan, tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ ogun ni. W yẹn ló yà á sọ́tọ̀ sí ti aráàlú. Nọ́ńbà mìíràn wà lára ọrùn férémù níwájú. Ya fọ́tò méjèèjì, kí o sì kọ wọ́n sínú ìwé.

Ilé iṣẹ́ tó ń rọ ìbọn ni BSA kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe alùpùpù. Ìbọn mẹ́ta tí wọ́n fi orí ti ara wọn ni àmì rẹ̀. Bóyá ó ṣì hàn lára táǹkì. Birmingham ni wọ́n ti ṣe M20, èyí tí wọ́n sì kó fún àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì lásìkò ogun Hitler ju 120,000 lọ. Sílíńdà kan ṣoṣo ló ní, 496 cc, fáàfù rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sílíńdà, kò sí lórí rẹ̀. Kò yára, ó wúwo, ṣùgbọ́n ó lè fara da ìyà. Ìfúnpọ̀ inú sílíńdà rẹ̀ kéré, bíi 5 sí 1, nítorí náà epo tí kò dára tó ṣì lè gbé e rìn. Irú rẹ̀ ni ṣọ́jà tó jìnnà sílé ń fẹ́.

Ní ti pé bàbá àgbà gbé e bọ̀ láti Bọ́mà, jẹ́ kí n sọ èrò mi fún ọ. Ọkọ̀ ojú omi ló kó àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti Dìfíṣọ̀n 81 àti 82, lọ. Ọkọ̀ ojú omi náà ló kó wọn bọ̀. Kò rọrùn fún ṣọ́jà kan láti fi irin tó ju kìlógíráàmù 160 lọ ṣe ẹrù ọwọ́. Ó jọ pé ilé níbí ni wọ́n ti rà á, bóyá níbi gbàǹjo. Ìyẹn ò bu iyì bàbá kù rárá. Tú inú àpótí wọn wò: ìwé gbàǹjo, ìwé láísẹ́ǹsì àtijọ́, fọ́tò tí wọ́n yà pẹ̀lú rẹ̀. Ó níye lórí ju ọ̀dà tuntun lọ, yóò sì wúlò fún ọ nígbà tí o bá fẹ́ ṣe ìwé ọkọ̀.

Ó kan kíkì wàyí. Písítìn inú sílíńdà ní ríìngì lára, irin sì ni ríìngì. Ní Làfíàjí, tí atẹ́gùn ọ̀sà kì í jìnnà sí, ríìngì á dípẹtà, á lẹ̀ mọ́ ara sílíńdà pinpin. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ ní Mushin, wọ́n gbé irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ wá bá wa láti Yaba. Ọ̀gá mi kò sí nílé. Mo gun orí kíkì, mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹta ó gbà, mo hó yè. Nígbà tí ọ̀gá dé tí wọ́n tú orí ẹ́ńjìnnì náà, ojú sílíńdà ti fà ya láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn fi ìṣó fa ilà sára ògiri, ríìngì kan sì ti ṣẹ́ sí mẹ́ta. Ọ̀gá ò lù mí, wọn ò bú mi. Wọ́n ní kí n fi ìka tọ ilà náà. Títí dòní, ìka mi ṣì mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, tú púlọ́ọ̀gì. Po kẹrosíìnì mọ́ ọ́ìlì pupa tí wọ́n ń rọ sí jíà ọkọ̀ ọtomátíìkì, ìlàjì-ìlàjì, kí o rọ ìwọ̀n ife kékeré kan sí ihò púlọ́ọ̀gì. Fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí o máa yọjú sí i, kí o máa fi kún un bó bá ti ń fà á mu. Lẹ́yìn náà, gbé jíà sí òkè pátápátá, gbé táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, kí o fi ọwọ́ mì ín síwá sẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọjọ́ tó bá gbà, wàá mọ̀ ọ́n lọ́wọ́. Bí kò bá gbà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa tú u. Má ṣe fipá mú un.

Ibi tí àwọn mẹkáníìkì wa ti ń ba irú ọkọ̀ yìí jẹ́ jù ni sípánà. Nọ́ọ̀tì ayé ọjọ́un kì í ṣe ti mìlímítà. Sípánà 13 àti 14 á fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu, fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹn ló sì ń ba nǹkan jẹ́: yóò yọ̀, yóò fá etí nọ́ọ̀tì náà títí á fi di róbótó. Àwọn mìíràn tún máa ń gé ojú ilà tuntun sínú ihò kí bóòtì ọ̀kadà lè wọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ihò yẹn ti kúrò nínú ìtàn alùpùpù náà nìyẹn. Sípánà Whitworth, ti ìwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ni kí o wá. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irinṣẹ́ àlòkù ní Owódé Onírin ni mo ti rí tèmi. Mo rà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó gbà mí lọ́dún méjì kó tó pé.

Ẹ́ńjìnnì yìí kì í gbé ọ́ìlì rẹ̀ sísàlẹ̀ bíi ti ọ̀kadà. Táǹkì ọ́ìlì rẹ̀ dá wà lábẹ́ gàárì. Páǹpù á rọ ọ́ìlì wọlé sínú ẹ́ńjìnnì, á sì tún fà á padà sí táǹkì. Bó bá dúró pẹ́, ọ́ìlì á rọra jò wọ inú ẹ́ńjìnnì. Tú gbogbo rẹ̀ dànù, ti táǹkì àti ti ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Ẹrẹ̀ dúdú tó wà ní ìdí táǹkì, fi ọwọ́ kó o jáde, fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, fọ àwọ̀n àsẹ́ rẹ̀. Ọ́ìlì SAE 40 lásán tí kò ní ọṣẹ nínú ni kí o lò. Ọ́ìlì òde òní tó ní ọṣẹ nínú á tú ìdọ̀tí àtọdúnmọ́dún tó wà nínú ẹ́ńjìnnì ká, á sì gbé e lọ di ojú ọ̀nà ọ́ìlì.

Lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ tàn, má wo iná, má wo èéfín. Ṣí ìdérí táǹkì ọ́ìlì, kí o tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀. Wàá rí páìpù tín-ín-rín kan lókè. Ibẹ̀ ni ọ́ìlì gbọ́dọ̀ ti máa tú jáde, fìì, fìì, pẹ̀lú ìfóófòó. Bí ìṣẹ́jú kan bá kọjá tí o kò rí i, pa á kíá.

Kò nílò bátìrì kó tó tàn. Magneto tó wà lára rẹ̀ ló ń ṣe iná púlọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀. Dáínámò 6 fóòtì tó gùn ún lórí wà fún iná orí àti bátìrì nìkan. Ṣètò ojú kọ́ńtáàtì magneto sí mìlímítà 0.3, ti púlọ́ọ̀gì sí 0.5. Bó bá tàn dáadáa ní tútù, tó wá kú nígbà tó gbóná, tí kò sì tún tàn mọ́ àfi tó bá tutù, kabúrétọ̀ kọ́ ni kí o máa dá lẹ́bi. Kápásítọ̀ inú magneto ti kú, tàbí ohun tí wọ́n fi bo wáyà rẹ̀ láyé ọjọ́un ti ń yọ́. Ẹni tó ń wé kóìlì ló lè wo ìyẹn sàn, kó sì jẹ́ ẹni tó ti tú magneto rí.

Epo ńkọ́? Ìdí ẹnu ọ̀nà epo lábẹ́ táǹkì, kọ́ọ̀kì ló wà níbẹ̀, bíi ti ìdérí ìgò. Ó ti gbẹ, yóò jò. Rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná kó wú. Ṣọ́ra fún epo tí wọ́n po mọ́ nǹkan mìíràn. Gbogbo wa rántí oṣù kejì ọdún 2022, nígbà tí epo tó ní mẹtanọ́ọ̀lù wọ ìlú. Mẹtanọ́ọ̀lù máa ń jẹ rọ́bà àti kabúrétọ̀ àtijọ́. Má sì fi epo sílẹ̀ nínú kabúrétọ̀ bí o kò bá ní gùn ún fún ọ̀sẹ̀ méjì. Táyà ní tirẹ̀, 3.25-19, sọ ọ́ nù bó ti wù kó dára tó lójú.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà ló dùn mí jù nínú lẹ́tà rẹ. Àwọ̀ tó wà lára alùpùpù yẹn lè jẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin, tó gun ara wọn. Àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì yí àwọ̀ padà lásìkò ogun, láti ewé sí àwọ̀ bíi ti ilẹ̀, kí wọ́n tó wá gba àwọ̀ ólífì ní 1944. Nọ́ńbà wọn, tó fi C bẹ̀rẹ̀, máa ń wà lára táǹkì epo, ó sì lè wà lábẹ́ ọ̀dà mìíràn bí bàbá àgbà bá kùn ún. Wo ibi ọwọ́ rẹ̀ náà. Nígbà tí rọ́bà wọ́n lágbàáyé, aṣọ kánfáàsì ni wọ́n fi ṣe ìdìmú ọwọ́ fún púpọ̀ nínú wọn. Bí tirẹ̀ bá ní kánfáàsì tó ti ya, fi í síbẹ̀. Ọwọ́ bàbá àgbà ló fá a. Nu ara irin pẹ̀lú ọ́ìlì díẹ̀, pa ìpẹtà tó ń jẹ wọnú, kí o sì fi èyí tó kù sílẹ̀.

Ìdí kejì tí mo fi kọ ọ̀dà ṣọ́jà: aráàlú kò gbọ́dọ̀ jọ ológun lójú títì. Bí o bá gun ohun aláwọ̀ ewé tuntun tó ní nọ́ńbà ogun lára kọjá Obalende, wọ́n á dá ọ dúró, o ò sì ní lè bínú sí wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni, o lè gùn ún, ṣùgbọ́n kọ́ ẹsẹ̀ rẹ lẹ́kọ̀ọ́ ná. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń yí jíà, ẹsẹ̀ òsì ló ń tẹ bíréèkì ẹ̀yìn, ìdàkejì ọ̀kadà gan-an. Ojú títì tí bàbá àgbà fi í gùn gan-an ti yí padà. Ọwọ́ òsì ni gbogbo ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972. Wá pápá ilé ìwé kan láàárọ̀ Sunday, kí o fi oṣù kan kọ́ ọ. Kí o tó ta kíkì, lo ọwọ́ kékeré tó ń dá iná púlọ́ọ̀gì sẹ́yìn, kí iná náà lè pẹ́ díẹ̀ kó tó ta. Bí o bá gbàgbé, kíkì á ta ẹsẹ̀ rẹ padà, ó sì lè dá egungun. Nígbà tó bá ń lọ, kìlómítà 60 ní wákàtí tó o. Bíréèkì rẹ̀ kò wà fún Third Mainland Bridge, má gbé e débẹ̀.

Ní ti òfin, láti ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba ìpínlẹ̀ ti ka ọ̀kadà léèwọ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Erékùṣù Èkó sì wà nínú wọn. Ọ̀kadà kọ́ ni tìrẹ, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá tó dúró nínú oòrùn kò ní fara balẹ̀ yà á sọ́tọ̀. Má gbé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn. Láísẹ́ǹsì kíláàsì A, nọ́ńbà ọkọ̀, ìwé pé ti ẹbí yín ni, àkẹtẹ̀ ààbò: gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́. Kí o tó gbé e jáde, lọ béèrè lọ́fíìsì tó ń ṣe ìwé ọkọ̀ bóyá àwọn títì tí o fẹ́ gbà wà ní ṣíṣí fún un.

Lọ́sẹ̀ yìí, gbé e kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀ sórí pákó méjì, torí omi òjò máa ń wọ abẹ́ àtẹ̀gùn. Yọ ọ̀rá tí wọ́n fi bò ó, bí wọ́n bá fi bò ó, torí ọ̀rá ń ti ooru mọ́ inú, á sì mú un làágùn. Aṣọ òwú àtijọ́ ni kí o fi bò ó. Lẹ́yìn náà ni kí o tú púlọ́ọ̀gì, kí o sì rọ ọ́ìlì yẹn sí i.