Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ lórí rímáàpù Golf GTI yín

Arákùnrin wa kan láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ló béèrè pé òun ra Golf GTI tọ́kunbọ̀ ọdún 2010 tó wá láti Amẹ́ríkà. Ẹnìkan ní Èkó ti sọ fún un pé òun á bá a fi láàpútọ́ọ̀pù tún brain box rẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, kọ, ohun tí wọ́n ń pè ní rímáàpù, pé agbára rẹ̀ á kúrò ní 200 horsepower, á di 280, láìpààrọ̀ ohunkóhun. Ó ní ṣé kí òun sanwó?

Arákùnrin mi, ẹ má tíì sanwó. Kì í ṣe pé rímáàpù kò dára. Irú ọkọ̀ yín gan-an ni mo ń wà, rímáàpù wà nínú rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí, mo sì ń gbádùn rẹ̀ gidi. Ṣùgbọ́n fáìlì tó wà nínú rẹ̀ báyìí kọ́ ni èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fi sí i, ohun tí ojú mi sì rí láàárín méjèèjì ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ kí owó yín tó kúrò lápò.

Brain box ọkọ̀ yín, Bosch MED17.5 ni, àtẹ òǹkà ló sì kún inú rẹ̀. Àwọn sẹ́ńsọ̀ á sọ fún un bí atẹ́gùn tó ń wọlé ṣe pọ̀ tó, bó ṣe gbóná tó, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára yí tó, àti bí ẹ ṣe ń fún un níná tó. Á wá wo àtẹ rẹ̀, á pàṣẹ iye epo tí injector máa tú, ìgbà tí pulọ́ọ̀gì máa ta iná kí pístìnì tó dé òkè, àti bí tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń fún atẹ́gùn wọ inú ẹ́ńjìnnì, ṣe máa fẹ́ tó. Ẹni tó ń ṣe rímáàpù, àwọn òǹkà yẹn ló ń yí padà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ tó ní tọ́bò ló máa ń jèrè jù nínú ẹ̀, nítorí tọ́bò ṣì lè fẹ́ ju bí iléeṣẹ́ ṣe ní kó fẹ́ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń wa Corolla tàbí Camry tí kò ní tọ́bò, ẹ fi owó yẹn ra táyà gidi. Ohun tí rímáàpù máa fi kún tiyín kò tó ohun tí ẹ máa mọ̀ lára.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni epo.

Epo bẹntiróòlù ní ìwọ̀n kan tó ń jẹ́ octane. Bó bá ṣe ga sí ni epo náà ṣe lè fara da ooru àti ìfúnpọ̀ sí kó tó gbiná fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ń fi RON kà á. Amẹ́ríkà kò ṣe bẹ́ẹ̀: wọ́n á ka RON, wọ́n á ka òmíràn tó ń jẹ́ MON, àárín méjèèjì ni wọ́n á wá kọ sára ẹ̀rọ epo. Nítorí náà, 91 tí ẹ bá rí lára ẹ̀rọ epo ní Amẹ́ríkà tó nǹkan bíi 95 tàbí 96 RON. Epo tiwa, nǹkan bíi 91 RON ni. Ìyẹn kò ju 87 ti Amẹ́ríkà lọ, epo tó rẹlẹ̀ jù ní ọ̀pọ̀ ibùdó epo wọn. Òǹkà kan náà, epo méjì tí kò jọra rárá! Ó dá mi lójú pé ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì GTI ti ń kú lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa: wọ́n á rí fáìlì tí wọ́n kọ 91 sí, wọ́n á ní tiwa náà ni 91.

Mo ń sọ̀rọ̀ epo tó mọ́ o. Ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2022, nígbà tí epo tí methanol pọ̀ jù nínú ẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí tí ọkọ̀ ń kú káàkiri. Èyí tí wọ́n ń fi kẹ́ẹ̀gì tà lẹ́bàá ọ̀nà nígbà tí epo bá wọ́n, ta ló mọ ohun tó wà nínú ẹ̀? Ẹ wá fi ooru kún un. Atẹ́gùn tó ń wọ ẹ́ńjìnnì lọ́sàn-án oṣù kẹta ní Adó kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tó ń wọ̀ ọ́ ní Jámánì, àtẹ́gùn gbígbóná sì tún ń mú kí epo tètè gbiná.

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Pulọ́ọ̀gì á ta iná, iná á máa ràn lọ nínú sílíńdà. Bí octane epo bá kéré, èyí tí iná kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ á bú gbàmù fúnra rẹ̀. Bó bá le, ẹ máa gbọ́ ọ bí ìgbà tí èèyàn da òkúta wẹ́wẹ́ sínú agolo tó ń mì ín. Sẹ́ńsọ̀ kan wà lára ẹ́ńjìnnì tó ń tẹ́tí sí ìró yẹn. Bó bá ti gbọ́ ọ, brain box á fa àsìkò iná pulọ́ọ̀gì sẹ́yìn, agbára ọkọ̀ á sì relẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ló ń gbà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó níbi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí ọ̀rọ̀ bá kọjá ibẹ̀, ibi tí ríìngì jókòó sí lára pístìnì ló máa ń kán, ẹ́ńjìnnì di títú nìyẹn.

Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe tèmi wá bá mi nílé ní Adó, kò sì pẹ́ tó fi parí. Nínú ìlú, láti Fájuyì lọ sí Bàsírì, ó dùn ún wà. Òkè ló tú àṣírí rẹ̀. A ń ti Arámọkọ lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè lọ́sàn-án gangan, èèyàn kún inú ọkọ̀, éésì ń ṣiṣẹ́. Bí a ṣe dójú òkè tí mo fún un níná, ọkọ̀ tó yẹ kó gbéra ń wọ́lẹ̀, iná check engine sì ń ṣẹ́jú. Mo rọra wà á délé. Nígbà tó yá mo so VCDS, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka ohun tó ń lọ nínú brain box Volkswagen, mọ́ ọn, mo fi gíà kẹta gun òkè, mo jẹ́ kó máa ṣàkọsílẹ̀. Ní sílíńdà kẹta, brain box ti fa àsìkò iná sẹ́yìn tó digírì 9. Mo tú pulọ́ọ̀gì sílíńdà yẹn, mo gbé e sójú oòrùn. Lára tánńganran funfun tó wà lẹ́nu rẹ̀, mo rí àwọn àmì dúdú tíntìntín, mo sì rí òmíràn láàárín wọn tó ń dán wínníwínní. Alumíníọ̀mù ni. Ara pístìnì ló ti ń bọ́.

Mo pe ẹni tó ṣe é, mo bi í pé epo wo ni wọ́n kọ fáìlì yẹn fún. Ó ní 91. Ó ní ṣebí 91 náà là ń lò ní Nàìjíríà.

Ẹni kejì tí mo gbé ọkọ̀ lọ bá kò tíì ṣí láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ tó fi ń bi mí ibi tí mo ti ń ra epo, ọ̀nà tí mo máa ń gbà, àti bóyá mo máa ń kó ẹrù. Ó dá fáìlì iléeṣẹ́ padà sínú ẹ̀, ó ní kí n fi epo tí mo máa ń rà gan-an gun òkè kí n kó àkọsílẹ̀ rẹ̀ wá. Orí ìyẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó fi díẹ̀ kún tọ́bò láàárín 2,500 sí 4,500 RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan), ibi tí èèyàn ti nílò agbára láti fi kọjá tírélà, ó sì dín in kù lókè pátápátá níbi tí ooru ti pọ̀. Ó fa àsìkò iná sẹ́yìn díẹ̀. Mo wà á, mo kó àkọsílẹ̀ wá, ó tún un ṣe, títí ìfàsẹ́yìn fi dúró sí digírì 2 tàbí 3 lórí òkè Ẹ̀fọ̀n yẹn kan náà. Bí a bá ní ká kà á lórí ìwé, agbára rẹ̀ kò tó ti àkọ́kọ́. Lójú ọ̀nà, nínú ooru, ó fi í sílẹ̀ lọ́nà jíjìn.

Ẹ wá padà sọ́rọ̀ 280 yẹn. Tọ́bò kékeré ló wà lára GTI yín, K03 ni. Pẹ̀lú epo Amẹ́ríkà tó dára, rímáàpù láìpààrọ̀ ohunkóhun máa ń gbé e dé agbègbè 250. Ẹni tó bá ní òun á fi epo wa gbé e dé 280, irọ́ ló ń pa fún yín, mo sọ ọ́ láìfòyà.

Ohun mìíràn tó ń bà mí lẹ́rù lórí ọkọ̀ ọdún 2010 ni tensioner tó ń fa ṣéènì ẹ́ńjìnnì. Àwọn ẹ́ńjìnnì EA888 ìgbà yẹn, irú èyí tó wà nínú ọkọ̀ yín, tensioner ti àtijọ́ ló wà lára wọn, ó sì ti já ọ̀pọ̀ èèyàn kulẹ̀. Kì í sábà kìlọ̀. Ẹ lè páàkì lálẹ́ láyọ̀, ẹ ṣáná láàárọ̀, ṣéènì á fò, fáàfù á kọlu pístìnì. Àwọn tó ṣe é ti tún ọnà rẹ̀ yí padà, ẹ ra tuntun yẹn, kí mẹkáníìkì tó mọ Volkswagen dáadáa bá yín pààrọ̀ rẹ̀. Bí owó kò bá tó rímáàpù àti tensioner pọ̀, tensioner ni kí ẹ ṣe. Ẹ jọ̀ọ́. Kí wọ́n tún ṣí ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, kí wọ́n ha èédú tó lẹ̀ mọ́ fáàfù kúrò, nítorí inú sílíńdà tààrà ni injector ọkọ̀ yìí ń tú epo sí, epo kì í kọjá lórí fáàfù débi tó máa fọ̀ ọ́. Pulọ́ọ̀gì tuntun, kọ́ìlì tó péye, ọ́ìlì 5W-40 tí kì í ṣe ayédèrú. Bí ó bá jẹ́ gíà DSG, èyí tó ń yí gíà fúnra rẹ̀, ni, ẹ yí ọ́ìlì rẹ̀ àti fítà rẹ̀. Gíà yẹn, 350 Nm (ìwọ̀n agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí nǹkan) ni wọ́n ṣe é fún, rímáàpù tó bá le sì lè kọjá ìyẹn.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹ rí i pé wọ́n kọ́kọ́ ka fáìlì iléeṣẹ́ jáde, kí wọ́n fún yín ní ẹ̀dà rẹ̀ kí ẹ fi pamọ́. Kí bátìrì wà lórí ṣájà, kí ṣájà náà sì wà lórí inverter, torí bí wọ́n bá mú iná lọ tí bátìrì sì kú sáàárín ìgbà tí wọ́n ń kọ ọ́, brain box lè má jí mọ́ àfi kí wọ́n tú u.

Ti ariwo gbàù-gbàù tí àwọn ọmọ ń béèrè pé kí wọ́n fi sí i lẹ́yìn ọkọ̀, ẹ má gbà á. Epo tí kò jóná tán ni wọ́n ń tú sínú sàlẹ́ńsà kó lè bú níbẹ̀, kátálíìsì, ohun tó ń sọ èéfín ọkọ̀ di mímọ́, ló sì ń jó. Bóyá tiyín ṣì wà níbẹ̀ ṣá, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, torí àwọn kan máa ń gé e tà kí tọ́kunbọ̀ tó dọ́wọ́ ẹni tó rà á.

Ẹ pe ẹni Èkó yẹn padà. Ẹ bi í pé: RON mélòó ni fáìlì rẹ̀ wà fún? Ṣé ó máa gba àkọsílẹ̀ ọkọ̀ yín ṣáájú àti lẹ́yìn? Ṣé ó máa fún yín ní fáìlì iléeṣẹ́? Bó bá ń bínú sí ìbéèrè, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá sì dáhùn dáadáa, ẹ tún tensioner ṣe ná, ẹ fi epo tí ẹ máa ń rà gun òkè kan pẹ̀lú VCDS, kí ẹ kó òǹkà rẹ̀ wá síbí. Èmi á bá yín wò ó.