Núkílíà ò lè gbà yín lọ́wọ́ gríìdì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà. Òmù-Àrán ń gbòòrò sí i lójoojúmọ́, iná ò sì ká a. Bí gríìdì bá ti ṣubú, òkùnkùn ni gbogbo wa. Bí wọ́n bá kọ́ ilé iná núkílíà kan sí Kwara, ṣé a ò ní bọ́ lọ́wọ́ gríìdì? Ẹnì kan tiẹ̀ ń gba owó kiri àdúgbò wa, ó ní òun máa gbé “núkílíà kékeré” wá.

Ìdáhùn: Ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Núkílíà kì í ṣe jẹnẹrétọ̀ tí èèyàn ń rà lọ́jà. Èyí tí Rọ́ṣíà gbé sórí omi ní Pevek, tí wọ́n ń pè ní kékeré, mẹgawáàtì 70 ni, ìjọba ló sì ni ín. Ní Nàìjíríà, àjọ NNRA, tó ń ṣàbójútó ọ̀rọ̀ núkílíà, ló ń fúnni níwèé àṣẹ irú ẹ̀. Ẹ ní kó mú tirẹ̀ wá.

Ọ̀rọ̀ gríìdì yẹn lẹ ti ṣì í. Ẹ rò pé núkílíà ló máa gbà yín lọ́wọ́ gríìdì, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń fẹ́ kí gríìdì gba òun. Ẹ wo ìkòkò lórí ààrò: ẹ fa igi jáde, ọwọ́ iná lọ, ẹyín iná ṣì wà nílẹ̀, ìkòkò ṣì ń hó. Bẹ́ẹ̀ ni ríákítọ̀ rí, ìyẹn ìkòkò irin tí wọ́n ti ń la yurénímù. Èyí tó ń mú mẹgawáàtì 1,000 iná jáde, ooru inú ẹ̀ tó mẹgawáàtì 3,000. Lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá pa á, nǹkan bí 200 ṣì kù níbẹ̀, bí ẹni tan hítà oníkílówáàtì kan kan, ọ̀kẹ́ mẹ́wàá, pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó ṣì lé ní 40. Pọ́ǹpù ló ń fi omi tu ú lójú, iná ìta, ìyẹn ti gríìdì, ló sì ń gbé pọ́ǹpù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé iná núkílíà Fukushima ní Japan nìyẹn, ní March 11, 2011. Ilẹ̀ mì, ríákítọ̀ pa ara wọn bó ṣe yẹ, àmọ́ wáyà ìta já. Jẹnẹrétọ̀ dísù gbà á, kò pé wákàtí kan tí òkun fi bò wọ́n. Ríákítọ̀ mẹ́ta yọ́ nínú. (Gáàsì haidirójìn ló bú gbàù níbẹ̀, kì í ṣe bọ́ǹbù. Yurénímù ilé iná kò lè di bọ́ǹbù.) Ibi tí gríìdì ti ń ṣubú léraléra, ta ló fẹ́ máa fi dísù ṣọ́ irú ìkòkò yẹn?

Ìwọ̀n ẹ̀rọ náà tún wà níbẹ̀. Mẹgawáàtì 4,000 sí 5,000 ni gríìdì wa sábà máa ń gbé, àwa oníṣẹ́ iná kì í sì í fẹ́ kí ẹ̀rọ kan ṣoṣo ju ìdá mẹ́wàá rẹ̀ lọ. Ẹ wo ilé iná omi Jẹ́bbà nítòsí yín: 578 ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ mẹ́fà ló pín in gbé, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò tó 100. Bí ọ̀kan bá kú, gríìdì á kàn wúkọ́. Bí 1,000 bá kú lẹ́ẹ̀kan, fíríkúẹ́ńsì, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, á já sísàlẹ̀ 50, àwọn tó kù á máa gé ara wọn kúrò. Òkùnkùn nìyẹn. Àtipé ilé iná omi lè jí gríìdì dìde látinú òkùnkùn, núkílíà á dúró dìgbà tí wọ́n bá jí i fún un.

Ní tiyín, ẹ wo fólítéèjì ní aago méje alẹ́. 230 ló yẹ kó jẹ́. Bó bá jẹ́ 170 tí iná ń ṣe bí àtùpà, bí wọ́n fẹ́ kọ́ núkílíà mẹ́wàá, ibẹ̀ náà lẹ máa wà. N ò tíì rí ìlà yín, n ò lè búra, àmọ́ tiransifọ́mà ni mo fura sí. Èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ 300 kVA kò yẹ kó gbé ju nǹkan bí 415 áḿpù lọ lórí ìlà kan nínú mẹ́ta rẹ̀. Ẹ ní kí òṣìṣẹ́ iná fi kílámpù mítà, ẹ̀rọ tó ń ka áḿpù, wọn ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ọ̀kan bá ń gbé 500 tí èkejì ń gbé 150, kí wọ́n tún ilé pín sórí wọn. Ẹ̀yin fúnra yín ò gbọdọ̀ gun òpó o.