Ṣé olú tí ìgbín ti jẹ ṣeé sè fún ọmọ ènìyàn?

Ìbéèrè: Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, olú funfun ńláńlá hù sínú koríko ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìsánlú, ìgbín sì ti jẹ etí rẹ̀. Ìyá mi ní ohun tí ìgbín bá jẹ kò lè pa ènìyàn. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá olú ikán ni?

Ìdáhùn: Ẹ má sè é. Mo mọ̀ pé àmì ìdánimọ̀ ni ẹ ń béèrè, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìgbín ni n óò kọ́kọ́ dáhùn, nítorí pé láti Kàbà títí dé Mọ́pà, òun ni mo ń gbọ́ jù ní gbogbo àsìkò òjò, inú sì máa ń bí mi pé àwọn tó ń ta olú lẹ́bàá ọ̀nà náà ń fi í tan oníbàárà.

Ara ìgbín kò rí bí ara wa. Amanita phalloides, olú olóró tí a mọ̀ dáadáa ní Yúróòpù, ìgbín a máa jẹ ẹ́ láìsí ìpalára, bẹ́ẹ̀ ni ìdajì orí kan péré lè ba ẹ̀dọ̀ àgbàlagbà jẹ́ títí dé ojú ikú. N kò sọ pé òun ló hù lẹ́yìnkùlé yín. Ohun tí mo ń sọ ni pé ibi tí ìgbín gé jẹ kò fi ohunkóhun hàn ju pé ìgbín jẹun lọ. Iná pẹ̀lú kò lè gbà yín: bí a bá sè é, tí a sá a sóòrùn, tí a fi káún bọ̀ ọ́, oró náà kò kúrò, àlùbọ́sà tí kò sì yí àwọ̀ padà nínú ìkòkò kì í ṣe ẹ̀rí.

Olú inú koríko tí mo ń bẹ̀rù jù lórí ìbéèrè yín ni Chlorophyllum molybdites. Orí rẹ̀ funfun, ó gbòòrò, ó ní èépá aláwọ̀ ilẹ̀, òrùka sì wà lára ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá gbó, abala tẹ́ẹ́rẹ́ tó tò sábẹ́ orí rẹ̀ a di àwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n funfun ni wọ́n nígbà tó ṣì kéré, ibẹ̀ gan-an ni ènìyàn ti ń ṣìnà. Láàárín wákàtí 1 sí 3, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru a bẹ̀rẹ̀.

Olú ikán ní tirẹ̀ ní gbòǹgbò gígùn tó wọlẹ̀ lọ bá ilé ikán, nítorí náà ọkọ́ ni kí ẹ fi wa á, ẹ má fà á tu. Ṣóńṣó sábà máa ń wà láàárín orí rẹ̀, kò sì sí àpò ní ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá da orí rẹ̀ délẹ̀ sórí ìwé funfun, tí ẹ fi abọ́ bò ó mọ́jú, ìyẹ̀fun tó bá bọ́ sílẹ̀ a pupa fẹ́ẹ́rẹ́; ti Chlorophyllum a ní àwọ̀ ewé. Síbẹ̀, àwọn olú olóró kan wà tí ìyẹ̀fun tiwọn náà pupa fẹ́ẹ́rẹ́, nítorí èyí n kò lè fi àmì kan ṣoṣo yọ̀ǹda fún yín láti jẹ olú tí n kò rí. Ẹ gbé e lọ fún àgbà tó ti ń wa olú ládùúgbò yín láti ìgbà pípẹ́, bó bá sì ṣiyèméjì, ẹ dà á nù.

Bí ẹnikẹ́ni bá ti jẹ ẹ́, ẹ má jókòó máa fún un ní epo pupa mu. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú ìyókù olú náà, kódà bí ara rẹ̀ bá yá, nítorí pé oró tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ lè má fi ara hàn títí di wákàtí 6 sí 24, èébì rẹ̀ sì lè dá fún ọjọ́ kan nígbà tí ẹ̀dọ̀ ṣì ń bàjẹ́ lọ. Ẹ má gbà kí wọ́n mú un padà wálé lọ́jọ́ yẹn.