Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ilẹ̀ wo la ó fi ṣe ilé iṣẹ́, ta la ó sì máa rajà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mẹ́ta la fẹ́ dá ilé iṣẹ́ oúnjẹ ẹja sílẹ̀. Ilẹ̀ mẹ́ta la rí: ọ̀kan ní Odógunyàn ní Ìkòròdú, ọ̀kan ní Ẹ̀pẹ́, ọ̀kan ní Àgbádárìgì. A dá máàkì fún wọn lórí mẹ́wàá. Odógunyàn gba 7.1, Ẹ̀pẹ́ gba 7.0, ni ìjà bá dé. Ẹnì kan ní ká lo fuzzy. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?
Alábàáṣe mẹ́ta, Ìkòròdú

Ìdáhùn: Ẹ má tìtorí 0.1 jà. Ẹni tó fi 7 sí iná Odógunyàn, "ó dára díẹ̀" ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó lè jẹ́ 5, ó lè jẹ́ 9. Fuzzy, tí Lotfi Zadeh gbé jáde ní 1965, kì í fipá mú èèyàn dárúkọ iye kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ ẹnu lẹ ó sọ, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan á sì ní nọ́ńbà mẹ́ta: ibi tó lè kéré mọ, ibi tó ṣeé ṣe jù, ibi tó lè ga dé. "Kò dára" jẹ́ (0, 1, 3), "ó wà láàárín" jẹ́ (3, 5, 7), "ó dára díẹ̀" jẹ́ (5, 7, 9), "ó dára" jẹ́ (7, 9, 10).

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá máàkì kankan, ẹ kọ́kọ́ yọ ilẹ̀ tí kò yẹ kúrò. Nínú ìṣirò yìí, ibi tó dára lára ilẹ̀ máa ń san gbèsè ibi tí kò dára. Ilẹ̀ tí ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé, ìbáà jẹ́ pé iná ibẹ̀ kì í kú, kò yẹ kó wọ inú ìdíje rárá. Ẹ gbé ìwé sọ́fè rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Aláùsá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Bákan náà ni ilẹ̀ tí omi ọ̀sà ń wọ̀ lásìkò òjò.

Ó wá ku ìṣirò. Ẹ jẹ́ ká mú iná nìkan. Fún Odógunyàn, ká ní ẹnì kan sọ pé ó dára, ìkejì ní ó dára díẹ̀, ìkẹta ní ó wà láàárín. Nínú àwọn nọ́ńbà àkọ́kọ́, ẹ mú èyí tó kéré jù. Ẹ ro àwọn ti àárín pọ̀, kí ẹ pín in sí mẹ́ta. Nínú àwọn ti ìkẹyìn, ẹ mú èyí tó ga jù. Ẹ ó rí (3, 7, 10). Àwọn kan máa ń ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí wọ́n tó pín in, á wá di (5, 7, 8.67). A ò fara mọ́ ìyẹn fún ẹni mẹ́ta péré: ó ń bo àríyànjiyàn mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ àríyànjiyàn gan-an ló yẹ kó hàn.

Ẹ fi nọ́ńbà tó ga jù lórí iná láàárín ilẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pín in. Bó bá jẹ́ 10, ó di (0.3, 0.7, 1). Ẹ fi ìwọ̀n pàtàkì iná, ìyẹn bí iná ti ṣe pàtàkì tó sí yín láti 0 dé 1, sọ ọ́ di púpọ̀, bó bá jẹ́ (0.7, 0.9, 1), ẹ ó rí (0.21, 0.63, 1). Ẹ wá wọn bó ṣe jìnnà tó sí (1, 1, 1), tó dára jù, àti sí (0, 0, 0), tó burú jù: ẹ yọ nọ́ńbà kan kúrò nínú èkejì, ẹ fi ìyókù sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ẹ pín in sí mẹ́ta, kí ẹ fi SQRT inú Excel wá gbòǹgbò rẹ̀. Tàkọ́kọ́ á jẹ́ 0.504, tìkejì 0.693. Bẹ́ẹ̀ lẹ ó ṣe fún gbogbo òṣùwọ̀n, ìyẹn àwọn ohun tí ẹ ń wò lára ilẹ̀ bí iná àti owó ilẹ̀, ẹ ó ro àwọn tàkọ́kọ́ pọ̀, ẹ ó ro àwọn tìkejì pọ̀ lọ́tọ̀. Àròpọ̀ tìkejì, tí ẹ bá fi àròpọ̀ méjèèjì pín in, ni máàkì ilẹ̀ náà. Èyí tó bá sún mọ́ 1 jù ló borí. Fuzzy TOPSIS nìyẹn. TOPSIS fúnra rẹ̀, ìyẹn ọ̀nà wíwọn jíjìnnà yìí láìsí fuzzy, ti wà láti 1981, ọwọ́ Hwang àti Yoon ló ti wá.

Owó ilẹ̀ ló máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn rú, torí èyí tó kéré ló dára níbẹ̀. Ká ní ti Odógunyàn jẹ́ mílíọ̀nù (8, 10, 12), ti Ẹ̀pẹ́ sì jẹ́ (4, 5, 7). Nọ́ńbà tó kéré jù, ìyẹn 4, lẹ ó máa pín, láti ẹ̀yìn wá síwájú: 4/12, 4/10, 4/8 fún Odógunyàn, 4/7, 4/5, 4/4 fún Ẹ̀pẹ́. Bí ẹ bá gbàgbé èyí, ilẹ̀ tó wọ́n jù ló máa gba máàkì owó tó ga jù, ẹ ò sì ní mọ̀.

Ẹ má sì ka nǹkan kan lẹ́ẹ̀mejì. "Iná" àti "owó dísù" ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹlòmíì tún máa ń fi "ó sún mọ́ Ẹgbin", ilé iṣẹ́ amúnáwá, kún un; orí wáyà ìjọba àpapọ̀ ni iná Ẹgbin ń gbà lọ, kì í ṣe ilé aládùúgbò ló ń lọ tààrà. Fídà (wáyà tó ń gbé iná wọ àdúgbò) tó wọ àdúgbò yẹn àti Band (ìpele iye wákàtí iná) tó wà ni kí ẹ béèrè: Band A ló ń ṣèlérí wákàtí 20 ó kéré tán.

Tí ẹ bá parí, ẹ yí ìwọ̀n pàtàkì padà díẹ̀. Bí ẹni tó borí bá yí padà, ọ̀mì ni. Ẹ fi owó ilẹ̀ dúnàádúrà. Ẹ má sì fi ilẹ̀ kẹrin kún un láàárín ìṣirò, torí ó lè gbé nọ́ńbà tí ẹ fi ń pín sókè, kí Ẹ̀pẹ́ àti Odógunyàn sì gba ipò ara wọn láìsí pé ohunkóhun yí padà lára wọn.

Ìbéèrè: Epo àgbọn ni mò ń ṣe ní Àgbádárìgì. Èèyàn mẹ́ta ló ń kó àgbọn wá tà fún mi. Ṣé mo lè fi ọ̀nà yìí yan ẹnì kan nínú wọn?
Ìyá Ẹlẹ́pò, Àgbádárìgì

Ìdáhùn: Ẹ lè lò ó, Mà, àmọ́ ohun tó bá ṣeé kà, ẹ kà á. Nígbà márùn-ún tí wọ́n bá kó ọjà wá, ẹ mú 100 àgbọn, ẹ fọ́ ọ, ẹ ka èyí tó ti bàjẹ́. Bí èyí tó kéré jù bá jẹ́ 4, tí ìpíndọ́gba márààrún jẹ́ 7, tí èyí tó pọ̀ jù jẹ́ 12, (4, 7, 12) ni; ẹ ṣe é bí owó ilẹ̀ òkè yẹn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹnu sílẹ̀ fún ohun tí kò ṣeé kà, bíi bó ṣe ń gbà láti pààrọ̀ ọjà tó bàjẹ́. Kí ẹlòmíì tó mọ iṣẹ́ yín bá yín dá máàkì náà, pàápàá bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ ẹbí.

Tí ẹnì kan bá gba 0.62, tí ẹnì kejì gba 0.31, kò túmọ̀ sí pé ẹni àkọ́kọ́ fi ìlọ́po méjì dára jù ú lọ. Ipò nìkan ló ń sọ. Ẹ má sì kó gbogbo ọjà fún ẹyọ ẹnì kan, torí ọjọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ bá bàjẹ́ sójú ọ̀nà, ẹ̀rọ yín ló máa dúró.